Ìbéèrè Yín Lórí Iná: Kí Ni Gang, Kí Ni Way?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣẹ́ iná wa kọ ohun tí mo máa rà fún mi: "2 gang 1 way mẹ́rin, 1 gang 2 way méjì, DP 20A kan." Ọlọ́jà bi mí pé èwo gan-an ni mo fẹ́, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Gang ni iye bọ́tìnì tó wà lójú súíìṣì kan. Bọ́tìnì méjì, 2 gang nìyẹn. Way kò kan bọ́tìnì rárá, iye ọ̀nà tí iná lè gbà jáde lẹ́yìn súíìṣì ni. One way ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Two way ní méjì, òun ni wọ́n ń lò níbi àtẹ̀gùn kéèyàn lè tan iná nísàlẹ̀ kó sì pa á lókè. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń rà á, torí ẹyọ kan ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn bọ́tìnì one way kọ̀ọ̀kan, ihò méjì ni wáyà ń wọ̀: COM àti L1. Live, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, ló ń wọ COM, wáyà tó ń lọ sí gílóòbù ló ń ti L1 jáde. Two way ní ìkẹta, L2. Níbi àtẹ̀gùn, L1 ìsàlẹ̀ á lọ bá L1 òkè, L2 á lọ bá L2. Live á wọ COM ọ̀kan, wáyà gílóòbù á sì jáde lára COM èkejì. Bí oníṣẹ́ bá ṣi L1 mú fún COM, súíìṣì kan ò ní tan iná àfi tí èkejì bá wà níbi tó fẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹ̀bi èyí ru súíìṣì, wáyà ni wọ́n sì gbé gba ibòmíràn.

Tí one way bá tán lọ́jà, ẹ lè ra two way kí ẹ má lo L2 rẹ̀. One way ò lè rọ́pò two way ní tirẹ̀.

DP ni double pole; 20A (ampere ogún) ni ìwọ̀n iná tó lè gbé. Súíìṣì gílóòbù lásán, live nìkan ló ń já; DP ń já live àti neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́tà-hítà tàbí A.C. ni wọ́n ń lò ó fún.

Ìbéèrè: Bí a bá pa súíìṣì, gílóòbù LED wa ṣì ń tàn bàìbàì. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? (Bàbá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ojú súíìṣì náà, sà. Bí iná pupa kékeré bá wà lára rẹ̀, iná díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá gílóòbù, díẹ̀ yẹn sì tó LED tàn. Bí kò bá sí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ neutral ni wọ́n gbé gba súíìṣì dípò live. Ewu ni: ẹ ti pa á, live ṣì wà lójú ibi tí gílóòbù ń kọ́, iná lè gbé ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Kí oníṣẹ́ iná pa súíìṣì, kó yọ gílóòbù, kó fi mítà wọn ojú ibẹ̀ sí earth (wáyà tó wọlẹ̀). Bó bá rí nǹkan bí 230V, ọ̀rọ̀ ti yé e: neutral ni súíìṣì ń já. Tẹ́sítà lásán lè purọ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Súíìṣì wọ́tà-hítà wa ń gbóná, ara rẹ̀ ti ń pọ́n. 10A ni wọ́n kọ sí i. (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ má tàn án mọ́, mà. Wọ́tà-hítà 3,000W ń fa 13A lórí 230V. 10A ò lè gbé ju 2,300W lọ. DP 20A ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, 2.5mm² ó kéré tán.

20A náà á jó tí síkúrù rẹ̀ ò bá le. Níbi tí wáyà ti ń mì ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí oníṣẹ́ gé orí wáyà tó ti dúdú kúrò títí yóò fi kan bàbà tó ń dán, kó bó rọ́bà ara rẹ̀ tó 8mm sí 10mm, kó dè é, kó sì fà á wò. Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sọ́jà: idẹ ló yẹ kí ihò wáyà jẹ́, òòfà kì í gbá idẹ mú. Bó bá gbá a mú, irin tí wọ́n kùn ni. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.