Kọ́ńdọ̀mù bẹ́, àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kan ní kò sí HIV: ṣé ọ̀rọ̀ ti parí?

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Kábà, o ní kọ́ńdọ̀mù bẹ́ mọ́ ọ lára lóru Sátidé, o ṣe àyẹ̀wò HIV nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kò sí, o wá ń bèèrè bóyá kí ọkàn rẹ balẹ̀. Má tíì jẹ́ kó balẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn ò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ títí di nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ń sọ. Kò mọ nǹkan kan nípa òru Sátidé.

Ìdí rẹ̀ rèé. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún ìka fún, tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ, kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara ń pèsè láti bá kòkòrò jà ló ń wá. Ara ẹlòmíràn á ti pèsè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ti ẹlòmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àkókò yìí gan-an ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì rọrùn láti kó ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, tún àyẹ̀wò ṣe nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí o ṣe èyí tó máa parí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Títí dìgbà náà, má bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù, ìyàwó ilé pàápàá, má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Ohun tó dùn mí ni ọjọ́ tó ti kọjá. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè jókòó sínú ara, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 72 ni èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe tètè tó ló ṣe dára tó. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ tìrẹ. Ẹni tó bá ń ka èyí, kó fi sọ́kàn. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ní HIV lóògùn ni kí èèyàn sáré lọ. Bí ti ìlú yín ò bá ní in, ẹ wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ẹ má dúró de Mọ́ńdè, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n tó fúnni lóògùn ọjọ́ 28, tó sábà máa ń jẹ́ hóró kan lóòjọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé inú á rú díẹ̀, òòyì á kọ́ni, èèyàn á sì jáwọ́ lọ́jọ́ kẹwàá. Àwọn mìíràn ń gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn àyà títa tàbí oògùn tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyí kì í jẹ́ kí dolutegravir, oògùn kan tó wà nínú PEP, wọ ara dáadáa. Ẹ lo PEP ní wákàtí méjì ṣáájú wọn. Obìnrin tọ́rọ̀ kàn, kó bèèrè oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì lọ́jọ́ kan náà.

Kọ́ńdọ̀mù kì í sì í ṣàdédé bẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rá ló kọ́kọ́ yẹ kéèyàn fura sí. Òrí, adì àgbọn, Vaseline, ìpara: gbogbo wọn ló ń jẹ rọ́bà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti rọ. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ra jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi ṣe ní ilé oògùn. Lẹ́yìn ọ̀rá, ooru ni. Èyí tí awakọ̀ ọ̀nà Ọbajànà kó síwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, tàbí tí èèyàn ń fi jókòó nínú pọ́ọ̀sì, ti bàjẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Wo ọjọ́ tó máa kú lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, tẹ̀ ẹ́ kí o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, fi ọwọ́ ya á, má fi eyín. Fún orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀, kí o tú u títí dé ìdí. Bí o bá dojú rẹ̀ kodò, jù ú nù, má yí i padà. Méjì lórí ara wọn á máa ha ara wọn ni, á sì ya. Bí o bá ti parí, di ìdí rẹ̀ mú, kí o yọ kúrò kí ara tó rọ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ní kí wọ́n wo sífílíìsì, hẹpatáítìsì B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àti àtọ̀sí pẹ̀lú. Àtọ̀sí lè wà lára obìnrin láìsí àmì kankan. Kápúsù méjì-mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì kì í wò ó sàn. Hẹpatáítìsì B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tó bá ní ju olólùfẹ́ kan lọ, kó máa ṣe àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tọkọtaya tó fẹ́ pa kọ́ńdọ̀mù tì, kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọn ò yẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ìlú lè jẹ́ ìbátan ẹni, ojú sì ń tini. Àyẹ̀wò ara-ẹni tí wọ́n fi ń nu èrìgì wà. Má jẹun, má mu omi fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Nu èrìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kà á láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40, má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kan níwájú lẹ́tà C tó wà lára rẹ̀ ni pé kò rí HIV, oṣù mẹ́ta tí mo wí sì ni ti òun náà. Bó bá jẹ́ ìlà méjì, lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílé ìwòsàn. Oògùn HIV ò gba owó ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹni tó bá sì ń lò ó lójoojúmọ́, tí kòkòrò fi dín kù débi tí àyẹ̀wò ò fi rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ò ní fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnìkejì rẹ̀.