Kí ló dé tí ásíìdì inú lysosome (àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ ohun tí kò wúlò mọ́ sí wẹ́wẹ́) kì í fi í dà sínú sẹ́ẹ̀lì?

Àbúrò wa ní Kubwa, Àbújá, ìbéèrè rẹ dára gan-an. Ọ̀rá ni awọ fẹ́lẹ́ tó yí lysosome ká, H⁺ (èérún háídírójìn tó ń mú kí nǹkan di ásíìdì) kì í sì í rọrùn gba inú ọ̀rá kọjá. Àmọ́ àwọn purotéènì inú awọ yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, V-ATPase, ń lo agbára ATP (èròjà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára) láti máa ti H⁺ wọlé. Ìdí nìyẹn tí pH (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) inú ibẹ̀ fi wà ní nǹkan bíi 4.5 sí 5, tí ti inú sẹ́ẹ̀lì níta lysosome sì tó 7.2. Purotéènì mìíràn, LAMP-1, ní tirẹ̀ gbé ṣúgà púpọ̀ sí ìhà inú, kí àwọn ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀) má baà jẹ awọ náà run. Ohun tó wú mi lórí jù: bí ẹ́ńsáìmù díẹ̀ bá tilẹ̀ jò síta, púpọ̀ nínú wọn kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní pH 7.2.