Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ǹjẹ́ Mo Lè Mú Ọmọ Mi Lọ Wo Bọ́ọ̀lù ní Kútọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àléékúmù, Àáfà. Láfẹ́ńwá ni mo ń gbé níbí ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ télọ̀ ni mo sì ń ṣe. Ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje, fẹ́ràn bọ́ọ̀lù púpọ̀. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbá a ní àgbàlá wa. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá mú un lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní pápá ìṣeré M.K.O. Abiola ní Kútọ̀, èyí tí yóò jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa gbọ́ sí i, wọ́n sì sọ fún mi pé Ànábì ti sọ pé òfo ni gbogbo eré àfi mẹ́ta, àti pé bí mo bá mú ọmọ lọ síbẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà pàdánù ìrun Aláásárì, ìyẹn ìrun ìrọ̀lẹ́, ni mo fi hàn án. Àgbà ni wọ́n, n kò sì fẹ́ bá wọn jiyàn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n mú un lọ? Bí kì í bá sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ni kí n ṣọ́ra fún?

ÌDÁHÙN: Wa àléékúmù sàlámù, arákùnrin mi. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí bàbá mú ọmọ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí ná kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti lè wọ ọ̀rọ̀ náà ni ìwà tí àwa tí a jókòó wòran bá hù níbẹ̀, mo sì máa sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn dáadáa.

Ní ọjọ́ ọdún kan ní Mẹ̀dínà, àwọn ará Habaṣa (Ethiopia) ń fi ọ̀kọ̀ àti asà ṣeré, inú mọ́ṣáláṣí Ànábì gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìyá wa Àìṣá, ìyàwó Ànábì, tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà, fẹ́ wo eré náà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi aṣọ ìborùn rẹ̀ bò ó, ó sì dúró kí ó lè máa wòran láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé Àìṣá fúnra rẹ̀ ni eré náà sú. Kò sọ fún un pé ó tó. Bukhari àti Muslim, àwọn onímímọ̀ méjì tó kó ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì jọ sínú ìwé, ló gba hádíìsì yìí wá, inú rẹ̀ náà sì ni Àìṣá ti sọ pé kí a fojú inú wo bí ọmọdébìnrin tó fẹ́ràn eré yóò ṣe pẹ́ tó nídìí ìran. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn tí àwọn méjèèjì tún gbà wá, Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, wọlé bá àwọn ará Habaṣa wọ̀nyí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ láti fi sọ̀kò lù wọ́n, Ànábì sì wí fún un pé kí ó fi wọ́n sílẹ̀.

Mo máa ń ronú lórí Umar nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtara ẹ̀sìn ló gbé e dé ìdí òkúta, bí ó ti gbé bàbá tó bá yín sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Umar kò bẹ̀rù Ọlọ́hun. Àmọ́ Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sìn rán sí gbogbo wa wà níbẹ̀, ó rí eré náà, ó rí ọmọdébìnrin tó ń wò ó, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ògiri fún un kí ó lè wò ó tẹ́rùn.

Ní ti hádíìsì eré mẹ́ta, òótọ́ ni pé ó wà nínú ìwé Abu Dawud àti ti Tirmidhi: ọfà títa, ẹṣin kíkọ́, àti kí ọkọ máa bá aya rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ti ṣàlàyé pé ohun tí a pè ní òfo níbẹ̀ ni ohun tí kò ní láádá nínú fúnra rẹ̀, èyí sì yàtọ̀ sí ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀. Ọmọdékùnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr, ó ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré. Ẹyẹ ọmọdé kò sí nínú àwọn mẹ́ta yẹn, síbẹ̀ Ànábì kò bá a wí. Nígbà tí ẹyẹ náà kú tí ọmọ náà ń banú jẹ́, ńṣe ni Ànábì ń bi í léèrè pẹ̀lú ìfẹ́ pé, “Abu Umayr, kí ni ẹyẹ kékeré ṣe?”

Ẹ tún sọ pé ẹ ti ṣèlérí. Èyí wúwo ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ. Abdullah ọmọ Amir ròyìn pé ìyá òun pe òun nígbà tí òun wà ní kékeré, ó ní kí òun wá gba nǹkan. Ànábì wà nínú ilé wọn lọ́jọ́ náà, ó sì bi ìyá náà pé kí ló fẹ́ fún un. Ó ní èso dábínù ni. Ànábì wá sọ fún un pé bí kò bá fún un ní nǹkan kan ni, wọn ì bá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún ìyá náà. Abu Dawud ló gba èyí wá. Nítorí náà, àyàfi tí ìdíwọ́ gidi bá dé, ẹ mú ọmọ yín lọ.

Ibi tí bàbá yẹn ti fọwọ́ ba òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Aláásárì, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fojú kékeré wò ó. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì orílẹ̀-èdè wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ro ìṣẹ́jú 45 àkọ́kọ́, ìsinmi ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 45 kejì àti èyí tí rẹfirí máa ń fi kún un, ó di nǹkan bí aago 6 ku ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó dìde. Àsìkò Aláásárì níbí ní Abẹ́òkúta máa ń wọlé láàrin nǹkan bí aago 4 ku ìṣẹ́jú 15 sí aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 20, bí oṣù bá ṣe rí. Nínú oṣù tó bá ti wọlé kí fèrè tó dún, ẹ kírun kí ẹ tó lọ jókòó. Nínú oṣù tí kò bá tíì wọlé, ẹ kò lè fà á mọ́ ìrun Àìlà (ìrun ọ̀sán), nítorí bọ́ọ̀lù wíwò kì í ṣe ìrìn-àjò, kì í sì í ṣe àìsàn. Àkókò ìsinmi ìdajì eré ni kí ẹ lò. Ìrun òpó mẹ́rin kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ti ilé ṣe àlùwàlá lọ, ẹ gbé ike omi kan dání bí àlùwàlá náà bá bàjẹ́, kí ẹ ká ẹní ìkírun sínú àpò, kí ẹ sì yan ìjókòó tó súnmọ́ ọ̀nà àbájáde. Bí ẹ bá jáde sẹ́yìn ìjókòó, ẹ ó rí ibi tó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni ẹ ó rí i tí Mùsùlùmí mìíràn yóò wá tò sẹ́yìn yín, nítorí wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde ni wọ́n ń retí.

Ẹ má sọ pé ẹ ó kí i bí ẹ bá délé. Àwa tí a ń tẹ̀lé ìlànà Imam Màlíkì nínú òfin ẹ̀sìn mọ̀ pé àsìkò tí a yàn fún Aláásárì máa ń dópin nígbà tí oòrùn bá ti pọ́n, àti pé ẹni tó ní ìdí pàtàkì nìkan ló lè sún un kọjá ibẹ̀. Muslim gba hádíìsì kan wá nípa ẹni tó jókòó tó ń ṣọ́ oòrùn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, tó wá dìde sọ òpó mẹ́rin kọ́kọ́kọ́ bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. Ìrun munááfíkì ni Ànábì pe ìyẹn. Ọdún méje gan-an sì ni ọjọ́ orí tí Ànábì ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ìrun kíkí fún ọmọ. Bí ọmọbìnrin yín bá rí i pé ẹ fi góòlù sílẹ̀ lọ forí kanlẹ̀, tí òun náà sì dúró tì yín lórí ẹní, ó ti kọ́ nǹkan tí èmi kò lè fi pátákó kọ́ ọ ní ilé-kéú.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo mú ọmọ mi ọkùnrin lọ wo bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa bú rẹfirí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bú ìyá rẹ̀, ó bú ẹ̀yà rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀, n kò sì yí ìjókòó padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí oúnjẹ, ọmọ mi bi mí pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí ọkùnrin náà sọ. Ó dùn mí púpọ̀, ó sì ń dùn mí di òní, nítorí èmi ló yẹ kí n gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀. Súrátù kọkàndínláàádọ́ta nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ẹsẹ kọkànlá, kọ̀ fún wa kí ìjọ kan máa fi ìjọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, kí a sì máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ẹni kan nínú àwọn Muhájírùn (àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́kà) àti ẹni kan nínú àwọn Ánsáárì (àwọn ará Mẹ̀dínà tó gbà wọ́n), tí oníkálukú ń ké pe àwọn tirẹ̀, Ànábì ní kí wọ́n fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó ń rùn. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí yóò fi máa rùn. Bí ẹ bá gbọ́ èébú, ẹ dìde, ẹ wá ibòmíràn jókòó.

Bí ẹgbẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ràn bá pàdánù, ó ṣeé ṣe kó sunkún. Ẹ má fi ẹkún rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ànábì ní ràkúnmí kan tí wọ́n ń pè ní Adbá, èyí tí kò sí ràkúnmí tó lè sáré kọjá rẹ̀, títí tí ará oko kan fi gun ọ̀dọ́ ràkúnmí dé, tó sì ṣíwájú rẹ̀. Ó dun àwọn Mùsùlùmí gan-an, ó sì hàn lójú wọn. Ànábì sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ga ní ilé ayé yìí tí Ọlọ́hun kì í rẹ̀ sílẹ̀. Bukhari ló gbà á wá. Ẹ sọ ìtàn ràkúnmí yìí fún un bí ẹ bá ń bọ̀ wálé. Yóò yé e.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kò ní àlàyé púpọ̀: èèwọ̀ ni, Súrátù karùn-ún ẹsẹ àádọ́rùn-ún sì pè é ní ẹ̀gbin nínú iṣẹ́ èṣù. Ẹ má ṣe ta á, kódà pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ “jẹ́ ká ta á” lẹ́nu yín, nítorí Ànábì ní ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀, kí ó tètè ṣe sàráà. Bí ẹ bá fẹ́ ra jẹ́sì fún un, ẹ yan èyí tí kò polówó tẹ́tẹ́ tàbí ọtí. Télọ̀ ni yín. Ẹ lè rán èyí tó dára ju ti ọjà lọ. Ní ti itan àwọn agbábọ́ọ̀lù tó máa ń hàn, àwọn onímímọ̀ ò fẹnu kò lórí rẹ̀, àwọn Màlíkì sì kà á sí ìhòòhò tó fúyẹ́; ìyẹn nìkan kò tó láti dá yín dúró.

Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà ìwọlé àti ìjáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú ní Ìbàdàn níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àríyá àwọn ọmọdé, ó sì yẹ kí gbogbo òbí máa rántí rẹ̀. Ẹ dé kí èrò tó pọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí ìwé sínú àpò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú ṣáájú yín jáde.

Ohun tó kù ni ìpadàbọ̀. Ànábì ní kí a kó àwọn ọmọ wa wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, nítorí àwọn èṣù máa ń fọ́n ká nígbà náà, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tí wákàtí kan bá ti lọ nínú òru. Oòrùn máa ń wọ̀ níbí láàrin nǹkan bí aago 6 ààbọ̀ sí aago 7 kọjá díẹ̀, ọkọ̀ sì máa ń ṣòro rí ní Kútọ̀ lẹ́yìn eré. Nítorí náà, ẹ má dúró ṣe ariwo ní ẹnu ọ̀nà. Bí Mọ́gàríbì bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ yà sí mọ́ṣáláṣí tó bá súnmọ́ yín.

Ẹ má sì bá bàbá yẹn jiyàn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ọ̀rọ̀ Aláásárì, nítorí ìmọ̀ràn rere ni. Ní ọjọ́ kejì, ẹ mú ọmọ náà lọ kí wọn ní mọ́ṣáláṣí, kí ó fúnra rẹ̀ sọ fún wọn ibi tí ẹ tẹ́ ẹní sí nígbà ìsinmi ìdajì eré.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.