Ẹ̀gbọ́n, káńtà lẹ máa lọ

Wọn ò pa yín tì o. Ogójì ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ lẹ fi jókòó ní pọ́ọ̀bù, ilé ọtí abúlé yẹn, ní Cotswolds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́nikẹ́ni ò wá bi yín pé kí lẹ fẹ́ mu, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa dìde lọ sí káńtà, ẹ sanwó níbẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé e wá sídìí tábìlì.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí àkọlé lẹ́nu ọ̀nà pé kẹ́ ẹ dúró kí wọ́n wá fàga hàn yín, ẹ dúró, wọ́n á wá.

Tó bá jẹ́ oúnjẹ lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara tábìlì yín torí wọ́n máa bi yín, ẹ sì tètè dé, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ti kíṣìn lọ́sán títí dìrọ̀lẹ́.

Ẹ ò ní rí ìlà ní káńtà, ẹ má pariwo, ẹ má sì na owó sókè, ẹ ṣáà jẹ́ kójú yín àti tẹni tó ń tà pàdé, ó mọ ẹni tó kàn.

Bíà tí wọ́n ń fọwọ́ fà látinú àgbá abẹ́ ilẹ̀ yẹn kì í tutù bíi tilé, ó máa ń korò díẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Páìńtì kan jẹ́ mìlílítà 568, ẹ ra ààbọ̀ ná.