Èsì: wíwó ògiri pálọ̀ àti pípààrọ̀ wáyà nílé bàbá yín n'Íkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrònú ilé o. Ẹ ní ẹ fẹ́ wó ògiri tó dá pálọ̀ àti dáníńgì sọ́tọ̀ nílé bàbá yín ní Èbúté, kí wọ́n kúkú pààrọ̀ wáyà gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ tó wálé ní Disẹ́ńbà, pé àbúrò yín ló máa dúró ti iṣẹ́, pé èló ló máa tó. Ẹ jẹ́ á fi ti èló yẹn sílẹ̀ ná, torí ohun tójú mi rí lórí irú iṣẹ́ yìí gan-an kò kéré.

Ilé tiwa wà lápá Agric, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, irú èyí táwọn bàbá wa ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, owó oṣù yìí búlọ́ọ̀kù, owó oṣù tó ń bọ̀ irin. Èmi náà fẹ́ kí pálọ̀ fẹjú. Manchester ni mo wà, àbúrò dádì mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn mọ bíríkìlà kan tó ti ń bá àwọn ṣiṣẹ́ tipẹ́. Mo ní ṣé ẹ ti mú ẹnjiníà débẹ̀, wọ́n ní ẹnjiníà ti kí ni, ṣé ilé tuntun la fẹ́ kọ́ ni, ògiri lásánlàsàn. Ẹ ṣáà mọ àwọn èèyàn wa, tó bá ti dé orí "ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi nílé tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi kọ́", ẹ ò tún lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́.

Kí n tó mọ̀, wọ́n ti gbé òòlù ńlá tì í. Ògiri yẹn ló gbé dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ yàrá òkè o! Ògiri yàrá màmá mi lókè jókòó lé e lórí gẹ́ẹ́, wọn ò sì fi igi kankan ti abẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá màmá tó jẹ́ pé ìka kan lẹ máa fi tì í, nígbà tílẹ̀ mọ́ kò pa dé mọ́, ó ń há lókè, wọ́n ní òjò ló mú kí igi ẹ̀ wú. Òjò kẹ̀! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbọ́n, ó gbé fóònù sún mọ́ táìsì, mo sì rí ìlà tín-ín-rín kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tó gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ní kí màmá kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Sábó. Ẹnjiníà tó pàpà dé (ẹni tí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, mọ̀ ni kẹ́ ẹ wá o, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn ń pè ní Ẹnjiníà ládùúgbò) ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin ti dẹ́kìn sókè, kí wọ́n gbé òpó méjì dúró, kí wọ́n da bíìmù (kọnkéré onírin tó dábùú láti òpó kan sí èkejì) lé e, kí wọ́n má sì yọ irin yẹn títí kọnkéré á fi pé ọjọ́ 28. Owó bíìmù yẹn nìkan ju gbogbo owó tá a ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti ìwé àṣẹ, àjọ ìjọba Èkó tó ń jẹ́ LASPPPA ló ń fún èèyàn, èkejì ẹ̀ tó ń jẹ́ LASBCA ló ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tí púláànù ilé bá wà nílẹ̀ ìyẹn ò le, ẹ kàn ṣe é. Àwọn tó fún mi ní ẹ̀fọ́rí ni àwọn kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì wá, wọ́n ní láti ọ́fíìsì làwọn ti wá, ọ́fíìsì wo, wọn ò sọ, ìwé ìdánimọ̀ ńkọ́, ó wà nínú mọ́tò. Ká ṣáà fún wọn ní nǹkan. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà rí yanrìn níwájú ilé wọ́n dé, ilé tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí òmíràn nínú wọn! Òfin tí Ambode, gómìnà Èkó nígbà náà, bu ọwọ́ lù ní 2016 ti ní kẹ́nikẹ́ni má gba irú owó iṣẹ́ ilé bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ ní kí àbúrò yín tẹ̀ ẹ́ jáde kó wà nílẹ̀.

Ti ògiri ṣì dáa, torí ó fojú hàn. Wáyà ló gbówó lọ́wọ́ mi jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Nílé olókè, inú dẹ́kìn ni wọ́n ti máa ń to páìpù wáyà kí wọ́n tó da kọnkéré, á wá gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀ síbi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá ti wó ògiri, wáyà á rọ̀ dirodiro láti òkè. Oníná wa fẹ́ gbé ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sára ògiri kejì, wáyà ò gùn débẹ̀, ló bá so òmíràn mọ́ ọn, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi téèpù dúdú wé e, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ihò, bíríkìlà sì rẹ́ ẹ pa. Wọ́n kùn ún, ó ń dán. NẸ́PÀ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà (iléeṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbin tó ń pèsè iná fún orílẹ̀-èdè wà lẹ́yìnkùlé wa o, ẹ ṣáà wò ó), jẹnẹrétọ̀ kékeré ni oníná fi dán an wò, gílóòbù tàn, ó gba owó ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá màmá ní àwọn ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó tí fìrísà bá ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní aládùúgbò ló ń dáná sun ìdọ̀tí. Màmá ní táwọn bá gbé ọwọ́ lé ògiri níbì kan ó ń gbóná, wọ́n ní oòrùn ni. Ògiri àárín ilé! Ìgbà tí wọ́n fọ́ ọ, téèpù ti yọ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, wáyà ti dúdú, wáyà tín-ín-rín tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 1.5mm², tó jẹ́ ti gílóòbù, ló gbé fìrísà àti A.C. pọ̀. Wáyà tó yẹ kó wọ ilẹ̀, oníná yẹn ti gé e dànù, ó ní kò wúlò, abájọ tí iná fi ń gbé màmá tí wọ́n bá fọwọ́ kan fìrísà láìwọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí wọ́n ti rẹ́ la tún fọ́, POP bàjẹ́, ọ̀dà bàjẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì lowó.

Nítorí náà, 1.5 fún iná, 2.5 fún ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún A.C., kí wọ́n má so wáyà kankan pọ̀ nínú ògiri, kí wọ́n fa tuntun láti DB (àpótí tí wọ́n ti ń pín iná káàkiri ilé) dé ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá pọn dandan kí wọ́n so ó, inú àpótí tó ní ìdérí téèyàn lè ṣí ni kó wà. Tí wọ́n bá ní àwọn rí wáyà olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha ẹnu ẹ̀ lójú yín lórí fídíò, bàbà gidi á pọ́n dénú, ayédèrú á funfun lábẹ́ torí bàbà ni wọ́n kàn fi bo aluminiọ́mù. Kí bíríkìlà má rẹ́ ohunkóhun títí ẹ ó fi rí gbogbo páìpù, kódà tó bá jẹ́ òru lọ́dọ̀ yín ẹ dìde. Kí oníná fi fìrísà, áyọ́ọ̀nù àti A.C. dán an wò pọ̀ kó tó gbowó tó kù. Kó jẹ́ ẹni tó níwèé NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò.

Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín ṣá, ó ṣeé ṣe. Iléyá tó kọjá, pálọ̀ wa gba gbogbo ẹbí, àbúrò dádì mi gan-an ló ń júwe bíìmù fún àlejò bíi pé àwọn ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ ní kí àbúrò yín ya ògiri yẹn látòkè délẹ̀, kó gòkè lọ ya yàrá tó wà lórí ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ gbé e síbí ká jọ wò ó. Tí ògiri míì bá jókòó lé e, ẹ má tíì fún bíríkìlà yẹn ní kọ́bọ̀.