Ṣé gbogbo gáàsì tó bá wọnú afẹ́fẹ́ ló ń mú ayé gbóná?

Rárá o. Náítírójìn àti ọ́síjìn ló kó nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 afẹ́fẹ́ gbígbẹ, síbẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ooru dúró. Àwọn gáàsì tó kéré gan-an láàárín wọn, bíi CO2 (gáàsì kábọ́nì tó ń jáde tí a bá sun epo tàbí igi), ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, á mú ilẹ̀ àti òkun gbóná, àwọn náà á sì máa tú ooru sókè lọ́nà tí ojú wa kò lè rí. CO2 àti mítéènì (gáàsì tó ń jáde lára màlúù àti pàǹtí tó ń jẹrà) ń gba ooru yìí mú, wọ́n sì ń dá apá kan rẹ̀ padà sísàlẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Tyndall, ti fi ẹ̀rọ wọn èyí láti ọdún 1859, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó dé, CO2 jẹ́ nǹkan bí ìdá 280 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ó ti lé ní 420 báyìí, ayé sì ti fi ju ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kan lọ gbóná sí i.

Gáàsì imí-ọjọ́ ní tirẹ̀ ń mú ayé tutù. Nígbà tí òkè Pinatubo ní Philippines bú gbàmù ní oṣù kẹfà ọdún 1991, gáàsì yìí di ẹ̀kán omi tíntìntín lókè réré, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ayé sì tutù ní nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tó fi wábi gbà. CO2 ní tirẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.