Èsì: Bí ètò yín ṣe lè máa ṣọ́ ara rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi Python kọ fún ṣọ́ọ̀bù yín ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ tó bá di ọ̀sán, ẹ wá ń bèèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ lè sọ iye mẹ́mọ́rì tó ń jẹ. Ó lè sọ ọ́ dáadáa.

Linux lẹ ní ẹ ń lò. Ẹ jẹ́ kí ètò náà ṣí fáìlì /proc/self/status, kó ka ìlà VmRSS. Iye RAM (mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà) tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ní kB (kílóbáìtì). Àwọn kan á ní kí ẹ lo resource.getrusage. Kò burú, àmọ́ ru_maxrss, iye mẹ́mọ́rì tí ó ń fún yín, kì í sọ̀ kalẹ̀: ibi tó ga jù tó ti dé rí ló ń sọ. kB ni lórí Linux, báìtì ni lórí macOS. Èyí kó mi láyà jẹ lọ́jọ́ kan lórí Mac ọ̀rẹ́ mi: mo ka báìtì bíi kB, mo rò pé RAM ti tán pátápátá!

Ṣùgbọ́n iye nìkan kò lè fi olè tó ń jẹ mẹ́mọ́rì hàn yín. tracemalloc, tó ti wà nínú Python láti 3.4, ló ń tọ́ka sí ìlà kóòdù gan-an. Ẹ pe tracemalloc.start() níbẹ̀rẹ̀, ẹ fi take_snapshot() ya àwòrán mẹ́mọ́rì láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí ẹ fi compare_to wé wọn. Tèmi nígbà yẹn, list kan ni, tí mo ń kó rìsíìtì sí láìdà á nù rí. Tí ẹ bá ti rí tiyín, ẹ pa tracemalloc o, òun náà máa ń dín eré ètò kù.